Ọjọ́ Dẹ́kìn Nílé Don Anselmo

"Dọ́là kì í ṣubú!"

Don Anselmo Tovar ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlá rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ó ki àtàǹpàkò méjèèjì bọ inú bẹ́líìtì, ó gbé àyà síwájú bí àkùkọ tó gbà pé òun lòun ń jí oòrùn.

"Ẹ tẹ́tí sí mi, ẹ̀yin bíríkìlà. Dọ́là kì í ṣubú. Bí ẹ bá rí i tó tẹ̀ba, okùn bàtà rẹ̀ ló ń so. Tó bá so ó tán, á nàró, á tún máa bá òkè lọ. Mo ti bí ọmọ méjì, mo ti sin òbí méjì, mi ò tíì rí dọ́là tó ṣubú láyé mi."

Àwọn bíríkìlà méjìlá tó jókòó sórí òkìtì yanrìn bú sẹ́rìn-ín. Crescencio tó jẹ́ ọ̀gá wọn kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ojú ọ̀run ló ń wò, níbi tí ìkùukùu kékeré kan ti jókòó sórí òkè bí adìẹ tó sàba.

"Don Anselmo, ọ̀rọ̀ dọ́là dùn ún gbọ́ o," ó ní. "Àmọ́ dẹ́kìn kì í ṣe ẹ̀kọ tí èèyàn ń mu díẹ̀ kó tún gbé e sílẹ̀. Tí a bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi ká parí. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, a ó parí kí òjò ìrọ̀lẹ́ tó dé. Tí ẹ bá jẹ́ kó di ọ̀sán, èmi ò sí ńbẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ oṣù kẹjọ ni mo tún máa tó ráyè."

"Aago mẹ́sàn-án? Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, mo ti dé, owó ti dé, símẹ́ńtì ti sọ̀kalẹ̀! Kí ẹ di fìlà yín mú ni, torí owó tí mò ń lọ kó bọ̀ yìí, atẹ́gùn rẹ̀ nìkan tó láti ṣí fìlà lórí yín!"

Ó gbé agolo kọfí kan há abíyá bí àlùfáà tó gbé Bíbélì, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń lọ sí ìgboro, ó sì ń juwọ́ sọ́tùn-ún sósì títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀.

Refugio, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Cuca, dúró ti ìkòkò bàbà ńlá tó fi ń dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Láti aago mẹ́rin ló ti jí sí i, nítorí ẹni tó bá ń da dẹ́kìn, òrùlé kọnkéré, gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òrùlé náà ò ní í bímọ re. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dọ́là tán. Ó kàn fi igi ìrokà lu etí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kò, kò, kò. Ẹni tó bá mọ Cuca mọ̀ pé ìwàásù odidi ọjọ́ Àìkú ló ṣe tán yẹn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ló wà nínú agolo náà. Ubaldo, àkọ́bí wọn, ló rí i níbi tó ti ń gun òrùlé olórùlé ní Chicago, tó ń kan páànù àti pákó mọ́ ọn nínú yìnyín. Ìbátan wọn kan tó ní ìwé ìrìnnà ló ń gbé e wálé ní Kérésìmesì. Nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ogún peso ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ogún géérégé. Ogún yẹn náà ni Crescencio fi ṣírò iṣẹ́ òrùlé náà, tó fi jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Cuca ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Don Anselmo ní kó dákẹ́. Nígbà tí òun wà ní géńdé, òun ti fi owó màlúù kan sábẹ́ ìrọ̀rí rí, òun sùn, nígbà tí òun jí, owó ewúrẹ́ ni òun bá níbẹ̀. Ìjọba ti já peso lulẹ̀ mọ́jú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Láti ìgbà náà, bí Don Anselmo bá ti rí peso, á sá lọ bá dọ́là. Ó wá da agolo dé, ó jókòó tì í. Dọ́là di mọ́kàndínlógún, ó ní ó ń so okùn bàtà. Ó di méjìdínlógún, ó ní okùn ẹsẹ̀ kejì ló kù. Ó di mẹ́tàdínlógún, kò sọ nǹkan kan mọ́, kò sì ṣẹ́ ẹ.

Nieves, ọmọ wọn obìnrin, jáde láti yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́wàá ní èjìká. Páànù jíjẹrà ló bo yàrá náà, inú rẹ̀ ni Nieves àti Zulema ọmọ rẹ̀ ń sùn. Tí òjò bá rọ̀, àwo mẹ́rin ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, tí páànù á máa kọrin sínú wọn. Ẹ dúró ti ọmọ náà díẹ̀, ẹ óò gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń súfèé. Dókítà ìlera abúlé ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: "Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rinrin àsìkò òjò mìíràn bá ọmọ yìí nínú yàrá yẹn." Oṣù karùn-ún sì ti ń lọ sópin.

"Màmá, ṣé wọ́n á dà á lónìí?" Nieves béèrè.

"Wọ́n á dà á," Cuca dáhùn, ó sì tún yí ẹran padà.

Aago mẹ́sàn-án lù, ẹnikẹ́ni ò dé. Aago mẹ́wàá lù, kò sí Don Anselmo, kò sí atẹ́gùn tó ṣí fìlà. Ọkọ̀ símẹ́ńtì ti dé ní tirẹ̀. Eleuterio, ọkùnrin oníkùn tó ń wà á, tú ìdí ọkọ̀ sílẹ̀, ó fi ara rẹ̀ jókòó síbẹ̀ bí àgádágodo.

"Owó lákọ̀ọ́kọ́, àpò lẹ́yìn," ó ní. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Àwọn bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ẹran wò. Wọ́n tọ́ ọ wò títí ó fi di oúnjẹ àárọ̀. Ìgbà náà ni Doña Hortensia ọ̀kánkán ilé wọlé, ó ní òun wá ṣèrànwọ́. Ó mú àwo tó ṣófo dání. Òun ló gbé Nieves dúró nígbà ìrìbọmi, nítorí náà komadre lòun àti Cuca ń pe ara wọn, àfi tí ìjà bá dé.

"Komadre, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ yín dà?"

"Ó lọ ṣẹ́ owó."

"Láti àárọ̀? Ṣé owó ló ń ṣẹ́ ni, àbí igi?"

Àwọn bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Hortensia rí i pé èrò ti pé, ó bá gbé ìjókòó.

"Rédíò ní peso wa ti di akọni o. Wọ́n ní gbogbo ayé ń wò ó tìyanutìyanu. Owó lágbára, owó lágbára! Ta ló wá ń bá jà? Èmi ni! Igba dọ́là náà ni ọmọ mi fi ń ránṣẹ́ láti Dallas. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin peso ni tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Jimọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún ni ọmọbìnrin ibẹ̀ kà fún mi. Mo ní, 'Ọmọ mi, tún un kà.' Ó tún un kà, ó sì kéré bó ṣe kéré. Ṣé tọtíyà àgbàdo tí à ń jẹ wá dínwó ni? Ṣé gáàsì gbọ́ pé peso ti di akọni, kó sì bẹ̀rù?"

"Bí peso ṣe ń sanra ni àwa ń rù," bíríkìlà kan sọ, ó sì mú ẹran mìíràn.

"Ẹ bi Nieves," ni Hortensia tún wí. "Ilé iṣẹ́ tó ti ń rán ṣòkòtò fún àwọn ará òkè odò lọ́dọ̀ Ubaldo, ṣebí wọ́n ti tì í pa? Ọ̀gá wọn ní dọ́là làwọn ń gbà wọlé, peso làwọn fi ń sanwó oṣù. Ẹnu ti kéré, ikùn ò kéré. Ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, ó kí wọn pé ó dàbọ̀."

Nieves gbé ọmọ sí èjìká kejì. Ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ. Láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín, gbogbo wọn gbọ́ ìfé kékeré náà: fíì, fíì.

Cuca tú épírọ̀ọ̀nù kúrò lára, ó fi igi ìrokà lé Nieves lọ́wọ́.

"Eleuterio, gbé mi lọ sí ìgboro."

"Ìyá, ọkọ̀ símẹ́ńtì ni o, kì í ṣe takisí."

"Símẹ́ńtì inú rẹ̀ ń fẹ́ rí ẹni tó máa rà á. Wa ọkọ̀."

Eleuterio wo ojú rẹ̀, ó gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó tì í.

Kò wá ọkọ rẹ̀ jìnnà. Ní gbàgede ìgboro, ní ọ̀kánkán ilé tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó, àgbà ọkùnrin mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ńṣì kan ṣoṣo, wọ́n tò bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Ọ̀kan gbé àpòòwé, ọ̀kan gbé ọ̀rá, ọ̀kan gbé ìbọ̀sẹ̀ tó so ní kókó. Agolo kọfí wà lórí itan ẹni kẹrin. Gbogbo wọn gbé orí sókè sí pátákó tó ń tan nọ́ńbà pupa bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ tiwọn ń fìdí rẹmi níbẹ̀.

"Bàbá Ubaldo."

"Jókòó, Cuca. Ó fẹ́ gòkè."

"Èló ni nígbà tí ẹ dé?"

"Mẹ́rìndínlógún ààbọ̀."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

Don Anselmo yọ fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. "Mẹ́rìndínlógún àti ogójì sẹ́ńtì. Má mikàn. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."

"Àgbò yìí ti fẹ̀yìn rìn wọ ilé alápatà," Cuca wí. "Bíríkìlà méjìlá ń jẹ ẹran mi, ẹnì kan kò tíì gbé ṣọ́bìrì. Ẹ dìde."

"Mo ti búra pé mi ò ní tà á nísàlẹ̀ mẹ́tàdínlógún."

"Ta lẹ búra fún?"

"Ara mi."

"Ara yín á dárí jì yín."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni pátákó ṣẹ́jú. Ogójì lọ, ogún dé. Àgbà mẹ́rin mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ni wọ́n jùmọ̀ ń lò. Oníbọ̀sẹ̀ ṣí fìlà, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tí pósí ń kọjá níwájú rẹ̀. Cuca na ọwọ́. Don Anselmo di agolo mú. Cuca fà á. Don Anselmo fà á. Ọkọ àti aya tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógójì pọ̀ ń fa agolo ní gbàgede, àwọn ẹyẹlé ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ọwọ́ Don Anselmo rọ̀ lójijì. Cuca fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn balẹ̀ tòun ti agolo.

Lójú fèrèsé, ọmọbìnrin inú gíláàsì kà á bí ẹni ń gé ewébẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti ẹgbẹ̀rin peso.

"Ọmọ mi," Don Anselmo fi ojú mọ́ gíláàsì, "kí ló dé tó fi rí báyìí?"

"Bàbá, ohun tó wà lára pátákó ni mo ń san."

Wọ́n wọ ọkọ̀ símẹ́ńtì padà, Don Anselmo gbé agolo òfìfo lé itan. Eleuterio tó jókòó ti sítíárì kò tan rédíò rẹ̀. Cuca di owó mọ́ inú ìró, ó ń ronú nípa yìnyín Chicago. Bí èèyàn bá gun òrùlé lọ́jọ́ márùn-ún, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ti fò lọ. Olè kan kò wọlé, ajá kan kò gbó. Agolo kò sì kúrò lórí àpótí.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n délé, Crescencio ti ń di ẹrù rẹ̀, ìgbà tó rí owó ló tú u. Wọ́n san owó símẹ́ńtì, Eleuterio já àpò, ó lọ. Crescencio mú ohun tó kù, ó yọ ti àwọn òṣìṣẹ́ àti ti ẹ̀rọ apokọnkéré, ó yọ ti òkúta wẹ́wẹ́, ó fi bírò họ orí.

"Kò tó fún gbogbo rẹ̀," ó ní.

"Ṣe é kó fẹ́lẹ́ díẹ̀," Don Anselmo dá a lábàá.

"Don Anselmo, dẹ́kìn ni, kì í ṣe tọtíyà. Tó bá fẹ́lẹ́, orí yín ló máa wó lé."

"Ẹ wá dúró níbi tí owó bá tán sí."

"A kì í dúró níbi tó wuni. Orí bíìmù la lè dúró sí. Bíìmù àárín nìyí." Ó nàka sí i. "Iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ẹ mú ọ̀kan."

"Iwájú!" Don Anselmo kò jẹ́ kí ó pa ẹnu dé.

"Ẹ̀yìn," Cuca wí.

Yàrá Ubaldo ló wà níwájú, tòun ti òpó méjì àti ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, ó kọjú sí títì, ó kọjú sí ilé Hortensia. Kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Àpò òfìfo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbélébùú onígi tí àwọn bíríkìlà fi òdòdó bébà dì lọ́jọ́ ọdún wọn.

"Obìnrin yìí, ojú ilé ni èèyàn ń kí! Ta ló ń rí ẹ̀yìn?"

"Òjò," Cuca dáhùn.

Bíríkìlà kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín rẹ̀. Ojú Don Anselmo pọ́n.

"Owó Ubaldo ni! Yàrá Ubaldo la ó bò! Ṣé kí ọmọ mi ti Chicago dé, kó bá yàrá rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀ bí ẹnu ẹja?"

"Nígbà wo ló ń bọ̀?"

Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìní ìwé, tó bá jáde, ó jáde náà nìyẹn. Crescencio ń fi bàtà họ yanrìn. Hortensia pàápàá wo inú àwo rẹ̀. Nieves fi ọwọ́ bo etí ọmọ, bí ẹni pé Zulema mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Cuca fa fóònù yọ nínú àyà.

"Ẹ jẹ́ ká bi olówó."

Ìbínú kúrò lójú Don Anselmo, ẹ̀rù gba ipò rẹ̀. "Má pè é! Ó wà lẹ́nu iṣẹ́! Ó lè jábọ́ lórí òrùlé!"

"Oúnjẹ ọ̀sán ló ń jẹ báyìí."

"Cuca, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ ìyá mi—"

Fóònù ti gbé ojú Ubaldo jáde, akoto lórí, búrẹ́dì lẹ́nu. "Màmá! Kí ló dé? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Zulema?"

"Ó wà ńbí. Ubaldo, dẹ́kìn la fẹ́ dà, owó ò tó. Ṣé kí á bo iwájú ni, àbí ẹ̀yìn?"

"Dẹ́kìn wo?" Ubaldo gbé búrẹ́dì mì. "Ṣebí ẹ ti dà á láti oṣù kọkànlá? Bàbá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fi han gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló wà lójú fóònù mi yìí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Èyí kò tilẹ̀ pé oṣù méje. Hortensia ti na ọrùn bọ iwájú fóònù.

"Jẹ́ n wò ó! Jẹ́ n wo àwòrán náà!" Ubaldo gbé e sójú fóònù fún un. "Yéè! Òrùlé mi nìyẹn o! Táńkì omi mi ló dúró gbọn-in yẹn! Abájọ tí ọkùnrin yìí fi gun àkàbà mi lọ́jọ́ náà, tó ní ológbò òun lòun ń wá!"

Àwọn bíríkìlà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rín bú gbàmù, àwọn kan dì mọ́ ṣọ́bìrì kí wọ́n má baà ṣubú. Ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán ni wọ́n rí i pé Ubaldo kò rẹ́rìn-ín. Òòlù àwọn ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ láti Chicago, ó ń dún gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀.

"Èló lẹ ṣẹ́ ẹ?" Ubaldo béèrè.

"Mẹ́rìndínlógún àti ogún sẹ́ńtì," ni Cuca dáhùn.

Òòlù dún, ó tún dún.

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò tíì dà á?"

Cuca ti ń retí ìbéèrè gbogbo, kò retí èyí. Ó wo igi ìrokà tó wà lọ́wọ́ Nieves. Kò, kò, kò. Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi ń lu etí ìkòkò, kò sì la ẹnu.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ bo ti Nieves," Ubaldo wí, ó sì pa fóònù. Kò kí bàbá rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ apokọnkéré bú ramúramù, àwọn ọkùnrin gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé èjìká, wọ́n ń gun àkàbà lọ, wọ́n ń sọ̀ bọ̀, wọ́n ń ké sí ara wọn: "Ó ń bọ̀ o! Yà fún un o!" Kò sí ẹni tó pe Don Anselmo síṣẹ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ ẹ̀wù, ó mú ṣọ́bìrì, ó ń kó yanrìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Crescencio ní kó rọra. Kò rọra. Òógùn ń kán sínú símẹ́ńtì, kò gbé ojú sókè kí ó má baà bá ojú ẹnikẹ́ni pàdé.

Ìkùukùu orí òkè ti pọ̀ sí i, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó kán ẹ̀kán díẹ̀ ní aago mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ọ̀rá lé ibi tó tutù, wọ́n tún bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, wọ́n ti dé orí bíìmù, wọ́n sì dúró. Ẹ̀yìn ti di bíbò. Níwájú, àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n tìtorí wọn ta màlúù méjì dúró sófìfo.

Cuca bu oúnjẹ: ẹran, ẹ̀wà, tọtíyà gbígbóná, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Wọ́n jẹun bí ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀. Eleuterio ti padà wá kó àwọn pákó tí wọ́n fi to símẹ́ńtì. Wọ́n bu tirẹ̀ fún un. Don Anselmo dá jókòó sí ìdí òkìtì yanrìn, àwo wà lórí itan rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Cuca kọjá lára rẹ̀, ó fi ẹran kan lé e, ó kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe parí ìjà ọjọ́ náà nìyẹn, tí ó bá jẹ́ pé wọ́n parí rẹ̀.

Rédíò ọkọ̀ Eleuterio ń kọrin ìfẹ́. Orin já lójijì, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó: ìròyìn kan ti dé ní olú ìlú lọ́sàn-án, àyà àwọn tó ní owó ńlá já, wọ́n ń sá kúrò nídìí peso. Dọ́là ti fò. Mẹ́tàdínlógún àti ọgọ́ta sẹ́ńtì, ó sì ń lọ.

Gbogbo ẹnu tó ń jẹun dúró.

Àwo Don Anselmo bọ́ sílẹ̀. Ó dìde. Ó dìde bí òkú tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí ní kóòtù.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé etí yín gbọ́? Ta ni wọ́n ń pè ní òmùgọ̀? Ta ni wọ́n fà ní gbàgede níwájú ẹyẹlé? Mo jókòó, mo ní ó fẹ́ gòkè! Wákàtí mélòó péré! Wákàtí mélòó, Cuca!"

Bí ayé ṣe yí nìyẹn. Àwọn tó ń fi Don Anselmo rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án yí orí sí Cuca bí ẹni pé ẹyọ okùn kan ló fà wọ́n.

"Ìyá Ubaldo, ìkánjú yín pọ̀ o," bíríkìlà kan wí.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹgbẹ̀ta peso!" òmíràn ti ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Ó fò lọ láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti oúnjẹ alẹ́!"

"Komadre," Hortensia fi ọwọ́ lérán, "ẹ ò bá jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀."

Cuca wo ọwọ́ tó fi gba agolo. Ó fẹ́ sọ pé tí ó bá jẹ́ kó jókòó, dẹ́kìn ò bá tí bẹ̀rẹ̀, Crescencio ò bá ti lọ títí di oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Ó wo Nieves. Nieves dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lábẹ́ pákó tó ń kán omi símẹ́ńtì, ó gbé orí sókè sí òrùlé tuntun, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dọ́là kankan.

Don Anselmo ti gba ọ̀pá, ó ń fi juwe iwájú ilé. "Ní oṣù Kérésìmesì, Ubaldo á fi dọ́là ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó bá dé, mo búra! Dọ́là ogún! Dọ́là méjìlélógún! A ó bo iwájú, a ó kun òpó ní àwọ̀ ewé!"

"Ti ọmọ mi Dallas ń bọ̀ lọ́jọ́ Jimọ̀!" Hortensia gbé àwo lé orí, ó fi ìdí jó yí òkìtì yanrìn ká. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mi ń padà bọ̀! Mo máa fi símẹ́ńtì rẹ́ ògiri mi!"

Àwọn bíríkìlà pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn ló ní ẹnì kan ní òkè odò. Crescencio pàápàá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó ní òun á yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Don Anselmo nínú oṣù kejìlá. Wọ́n gbé ìgò sókè. Wọ́n ní kí dọ́là ó pẹ́ fún wọn.

Eleuterio ti di àwọn pákó rẹ̀. Ó lá ọ̀rá ẹran kúrò ní ìka, ó ti ìdí ọkọ̀ sókè, ó kọ́ ọ.

"Láti aago mẹ́rin ni ọ̀gá mi ti fowó lé símẹ́ńtì," ó ní.